Ohùn Tí Bàbá Olúbọ̀dé Ní Àwọn Kò Gbọ́

Àdúrà ta ni Ọlọ́run gbọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ náà? Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bi ara mi. Mo ti bi Ọlọ́run náà, lórí eékún mi, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sí nítòsí. N kò tíì rí èsì. Mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣì jẹ́ akọ̀wé ìjọ, mo ṣì ń gbàdúrà kí n tó jẹun. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò kúrò nílẹ̀.

Ohun tó fà á ni pé àdúrà méjì la gbà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nínú pálọ̀ kan ṣoṣo, mo sì ṣe Àmín sí méjèèjì. Bàbá Olúbọ̀dé ní kí Ọlọ́run fi iná jó ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan ògiri ilé àwọn. Màmá, ìyàwó wọn, ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí Elisha, ọmọ àwọn, wọlé lọ́jọ́ náà gan-an. Kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, méjèèjì ti ṣẹ.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kí Bàbá Olúbọ̀dé níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ò mọ̀ ju fìlà funfun wọn lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Babátúnjí ni orúkọ àbísọ wọn, Olúbọ̀dé ni ti ìdílé. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti wá sí Warri, ọdún méjì lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n ní àwọn fẹ́ lò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn tó ń ta páàtì ọkọ̀. Oṣù mẹ́ta náà ni kò parí títí dòní. Iṣẹ́ bátìrì ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tí bátìrì ọkọ̀ rẹ̀ bá kú, ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé e wá létí títì ní Ugbolokposo, wọn á tò ó sórí pákó, wọn á so wáyà mọ́ ọn, omi inú rẹ̀ á sì máa hó wẹ́wẹ́ títí iná á fi wọ inú rẹ̀. Omi yẹn ní agbára. Bó bá ta sí aṣọ, kí o tó ṣẹ́jú ó ti lu ihò. Kò sí ṣòkòtò Bàbá tí kò níhò lórí itan. Màmá máa ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ wọn pé, "Ọjọ́ tí ọkọ mi bá kú, ẹ bá mi yá ṣòkòtò tó pé o, nítorí èmi ò ní ọ̀kan nílé." Àríkẹ́ ni orúkọ Màmá. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara wọn kí ẹlòmíràn tó rín in.

Ohun kan ṣoṣo ló ń ba Bàbá nínú jẹ́ nínú ilé yẹn: àwọn ọmọ ò sọ Yorùbá. Wọ́n ń gbọ́ o. Gbogbo ohun tí o bá sọ ni wọ́n ń gbọ́. Píjìn ni wọ́n fi ń dá ọ lóhùn. Ti Elisha, àbíkẹ́yìn, ló burú jù.

"Elisha, mo ní kí lo jẹ?"

"Papa, I don chop."

"Mo fi Yorùbá bi ọ́. Èmi ò bí ọmọ Píjìn."

"Papa, I dey hear you na. Wetin I go do again?"

Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Bàbá nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Mo háyà yàrá kan nínú ilé náà fún ọdún mẹ́fà kí n tó gbéyàwó, ibẹ̀ ni mo ṣì ń gbé nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mo sì rí ojú wọn nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Mo rò pé eré lásán ni.

Oṣù Òkúdù ọdún 1999 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹ̀yà tó ni ìlú ń bá ara wọn jà. A ò sí nínú ìjà wọn, ṣùgbọ́n àárín wọn la ń gbé. Wọ́n sun ilé, ṣọ́jà kún títì, ìjọba ṣòfin kónílé-ó-gbélé. Nígbà tí ìlú ti dàrú, àwọn jàǹdùkú tí kò bìkítà fún ẹ̀yà kankan ń wọ ilé onílé láti kó ẹrù. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń jalè. Elisha jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Aladja, nítòsí Warri, ló wà, ó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, jíjó irin pọ̀, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, ilé ọ̀gá náà ló sì ń sùn. Kò sí fóònù alágbèéká nígbà yẹn. Ọjọ́ mẹ́fà kọjá, a ò gbúròó rẹ̀. Màmá ò jẹun dáadáa mọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin wàhálà náà ni wọ́n ja ilé Ìyá Mùízz, Wúlẹ̀mọ̀tù, ará Ìsẹ́yìn tó ń ta ike àti abọ́ lọ́jà, tí ilé wọn kángun sí ti Bàbá. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Mama, na me, open." Ó rò pé ọmọ òun ni, ó ṣí i. Ọkùnrin márùn-ún ló wọlé. Wọ́n kó gbogbo ohun tó ṣeé kó, wọ́n sì na ọkọ rẹ̀ títí ó fi dákú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí òòrùn tó wọ̀ tán, gbogbo agboolé Yorùbá tó wà ní àdúgbò yẹn ṣe ìpàdé ní pálọ̀ Bàbá. Bàbá ló mú òfin wá.

"Kò sí ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn fún Píjìn mọ́," ni wọ́n wí. "Ọmọ Yorùbá tó bá wálé, kó dúró síta, kó kí ilé bí wọ́n ṣe ń kí ilé. Ẹ kú ilé o, èmi lágbájá ni, ọmọ lágbájá, ará ibi báyìí. Jàǹdùkú ò lè rí ìyẹn sọ."

Wúlẹ̀mọ̀tù, tí ojú rẹ̀ wú, rí àyè ṣe yẹ̀yẹ́ síbẹ̀. "Bàbá Elisha, Mùízz tèmi ńkọ́? Kò lè pe Ìsẹ́yìn tán kó má rẹ́rìn-ín. Ṣé kí wọ́n pa á síta ni?"

"Kó lọ kọ́ ọ lónìí. A ò sí nídìí ẹ̀rín."

Ni àwọn ọmọ bá ń kọ́ ìkíni lójú ọ̀nà ilé bí ẹni ń kọ́ ẹsẹ Bíbélì. Ẹ kú ilé o, ẹ kú ilé o. Wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Elisha ò sí níbẹ̀. Kò sì sí ẹni tó rántí pé kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ṣòfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ la fi ń gbàdúrà láàárọ̀ àti lálẹ́. Màmá ò rántí. Èmi náà ò rántí.

Ọjọ́ kejì ìpàdé náà ni Bàbá gbé kẹ́ẹ̀gì omi bátìrì wálé láti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n rọ ọ́ sínú ike ọ̀dà, wọ́n gbé e sínú ilé, lábẹ́ fèrèsé ẹ̀yìn tó wà lókè ibi tí ògiri ti rẹlẹ̀ jù. Wúlẹ̀mọ̀tù yọjú láti ilé tirẹ̀.

"Ẹ rọra o, Bàbá Elisha. Ẹ má lọ fi wẹ̀."

"Ẹni tó bá wá ló máa fi wẹ̀."

Ọjọ́ keje bọ́ sí Ọjọ́rú. Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ tí mo sọ, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí àwọn obìnrin àti ọmọdé tó sá wá síbẹ̀ ti pọ̀, a sì ní láti wá ibi tí wọ́n máa sùn. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní bí aago kan. N kò sí nílé nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí Bàbá sọ ni gbogbo wa gbà, òun náà ni mo fọwọ́ ara mi kọ sínú ìwé ìjọ.

Ohun tí wọ́n sọ nìyí. Ẹnìkan gun ògiri ẹ̀yìn nínú òjò, ó fi láílọ́ọ̀nù dúdú bo orí. Àwọn bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé ta ni. Kò fọhùn. Nígbà tó gbé ẹsẹ̀ kejì kọjá, àwọn da ike náà lé e lórí láti ojú fèrèsé. Ìgbà tó ṣubú, tí láílọ́ọ̀nù ṣí, ni àwọn rí i pé Elisha ni.

Bàbá mọ ohun tí omi yẹn ń ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n fò jáde, wọ́n wọ́ ọmọ náà lọ sí abẹ́ ibi tí òjò ti ń dà láti orí páànù, wọ́n bu omi dúrọ́ọ̀mù lé e títí dúrọ́ọ̀mù fi gbẹ. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ sọ pé òjò ló jẹ́ kó yè. Ojú òsì rẹ̀ fọ́. Etí òsì àti ọrùn rẹ̀ sì sún jọ bíi awọ tó kan iná.

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, Elisha ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà ṣáá. "I call am. Three times I call am. I talk say na me." Màmá yíjú sí Bàbá. Bàbá mi orí.

"Kò sọ̀rọ̀. Ìrora ló ń mú un ṣèrànrán."

Ibẹ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́ ju ojú tó fọ́ lọ. Àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí béèrè. Ọmọ wo ló ń gun ògiri bàbá rẹ̀ láìfọhùn? Ta ni wọ́n jọ wá? Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún àwọn kan? Ọ̀rọ̀ náà dé Aladja, ọ̀gá rẹ̀ ní òun ò fẹ́ ẹni tó ń bá jàǹdùkú rìn, kó má padà wá mọ́. Nígbà tí ìlú rọ̀, Bàbá jáde níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi kan láti ṣe ìdúpẹ́. Wọ́n ní Ọlọ́run ló ní kí ọmọ àwọn má kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wọlé bí olè, tí kò sọ̀rọ̀. A pàtẹ́wọ́. A kọrin. Elisha jókòó lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú báńdéèjì lójú. Kí orin tó parí, ó ti jáde.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni Màmá dùbúlẹ̀ àìsàn tí wọn ò dìde nínú rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe Elisha. Mo wà nínú yàrá, mo ń ka Sáàmù fún wọn. Nígbà tí Elisha wọlé, Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá rẹ fún ọjọ́ tí o gun ògiri tí o ò sọ̀rọ̀. Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Kí n lè sinmi."

Elisha dúró. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀, ó tún wo ìyá rẹ̀. Mo pa Bíbélì dé. Mo rò pé ó máa jáde. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Papa, abeg. No vex say I no talk that day."

"Mo ti dárí jì ọ́," ni Bàbá wí.

Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọn ò lo ọ̀sẹ̀ yẹn tán. Elisha sin ìyá rẹ̀ dáadáa, ó gbé pósí, ó da yẹ̀pẹ̀ sí i. Láti ọjọ́ yẹn, kò tún wọ ilé náà. Aladja ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ méjì, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tirẹ̀. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kankan. Mo máa ń rí i nígbà mìíràn, a máa kí ara wa, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún tó kọjá, ìjọ wa pé ogójì ọdún. Wọ́n ní kí èmi akọ̀wé kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn àgbà ìjọ sínú ìwé kékeré kan. Ọ̀sán Sátidé kan ni mo lọ sọ́dọ̀ Bàbá Olúbọ̀dé. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn ò ṣe bátìrì mọ́. Wọ́n jókòó ní bàráńdà, wọ́n ń bó ọsàn.

"Akọ̀wé! Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ò dúró kí èèyàn kú kí ẹ tó kọ ìtàn rẹ̀."

"Bàbá, ẹ ò ní í kú. Ẹ máa ka ìwé náà."

"Pẹ̀lú ojú wo? Jókòó. Ṣé o jẹun?"

A bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ ti Ìjẹ̀bú-Igbó, ti ẹ̀gbọ́n wọn, ti bí wọ́n ṣe rí Màmá níbi tí Màmá ti ń ra epo, tí Màmá sì sọ fún wọn pé ṣòkòtò wọn dà bí asẹ́. Mo ń kọ. Mo ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kan ọdún 1999, mo ní mo ti ní ìyẹn nínú ìwé ìjọ, ká kọjá ibẹ̀.

Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Rárá. Kọ ọ́ pé mo gbọ́."

"Ẹ gbọ́ kí ni, Bàbá?"

"Mo gbọ́ Elisha."

Mo gbé báírò sílẹ̀. Wọ́n ń wo ọsàn tó wà lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló pè mí lórí ògiri, bó ṣe wí; ṣọ́jà ni kò jẹ́ kó gba iwájú. Ó kọ́kọ́ ní, Papa, na me. Mo bi í pé ta ni. Ó ní, Papa, na me, Elisha. Mo ní bó bá jẹ́ Elisha ni, kó kí ilé. Ó ní, Papa, rain dey beat me, which kain greet be that, open. Ìgbà náà ni mo dà á."

"Bàbá, ẹ mọ ohùn rẹ̀?"

"Èmi tí mo bí i? Mo mọ̀ ọ́n. Mo ní, ọmọ mi wà ní Aladja, èṣù ló ń fi ohùn rẹ̀ pè mí, bí wọ́n ṣe ṣe fún Wúlẹ̀mọ̀tù. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí, kí o kọ ọ́ dáadáa. Ìbẹ̀rù nìkan kọ́. Inú ló bí mi. Láti kékeré ni mo ti ń bẹ ọmọ yẹn kó dá mi lóhùn ní èdè mi. Lọ́jọ́ yẹn tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, Píjìn náà ló tún fi dá mi lóhùn. Ìbínú yẹn wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo gbé ike."

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ èèpo ọsàn kiri ilẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Màmá?"

"Mo fẹ́ sọ fún un lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí ojú ọmọ náà kọ́kọ́ san. Ojú ò san. Mo wá jáde níwájú ìjọ, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìwọ náà pàtẹ́wọ́."

"Mo pàtẹ́wọ́, Bàbá."

"Lẹ́yìn àtẹ́wọ́, ibo ni mo fẹ́ gbà padà? Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi níwájú ìyá rẹ̀, Akọ̀wé. Ó tọrọ àforíjì ohun tí kò ṣe, nítorí kí ìyá rẹ̀ lè sùn. Mo sì ní mo dárí jì í. Ẹnu yìí."

Mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. N kò mọ̀ pé mo máa bi wọ́n. Ó kàn jáde ni. Mo ní, àdúrà ta ni Ọlọ́run gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, ti Bàbá tàbí ti Màmá?

Wọ́n tún mú ọ̀bẹ, wọ́n fi la ọsàn náà. "Mo ti ṣíwọ́ bíbi Í. Ẹ̀rù èsì ń bà mí."

Mo gbé báírò, mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ó gba ojú ewé méjì. Wọ́n ní kí n kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí mo kọ pé Bàbá Olúbọ̀dé sọ pé àwọn gbọ́ ohùn ọmọ àwọn, wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Yọ 'sọ pé' kúrò. Kọ ọ́ pé Olúbọ̀dé gbọ́."

Mo yọ ọ́. Mo kà á dé òpin. Mo ní ìgbìmọ̀ lè má fẹ́ kí irú nǹkan báyìí wọ inú ìwé ayẹyẹ.

"Ìyẹn kù sọ́wọ́ ìgbìmọ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n di apá mi mú, ọwọ́ wọn tutù nítorí omi ọsàn. "Èmi ò bẹ ìgbìmọ̀, ìwọ ni mo ń bẹ. Kí ìwé yìí tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, mú un lọ bá Elisha ní Aladja. Kò lè ka Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ọ. Jókòó tì í, kà á sí i létí láti òkè délẹ̀. Ibi tó bá ti ní mo purọ́, fa ibẹ̀ rẹ́, kí o kọ ohun tí òun bá wí síbẹ̀. Jọ̀ọ́, Akọ̀wé. Ṣé wàá bá mi ṣe é?"